Ilé Ọkọ Kì Í Ní Táyà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà, adìẹ ló ń gbé abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé epo kan ni wọ́n gbé e sí, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ yà síbẹ̀ láti ra epo, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Mo rí ọkọ̀ funfun gbàràmù kan tí eruku ti sọ di pupa. Ohun tó dá mi dúró ni kọ́tìnnì. Mọ́tò tó ní kọ́tìnnì! Mo lọ yọjú wo fèrèsé rẹ̀ bí olè. Mo rí bẹ́ẹ̀dì, mo rí tábìlì kékeré, mo rí sítóòfù àti ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé epo náà ló bi mí bẹ́ẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi ló ti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un.

Ó sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún mi. Kọ́ńpìnnì kan ló ni ín tẹ́lẹ̀, wọn a sì máa fi í háyà fún àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ tí títì máa gbà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sè, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí iṣẹ́ títì tán, kọ́ńpìnnì tà á fún ọ̀gá òun, ọ̀gá òun náà kò sì rí ohun tó máa fi ṣe.

Ó ní, "Ẹ pè é nílé, ẹ pè é ní mọ́tò, èyí tó bá wù yín."

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì fọn fèrè, mo sáré padà. Títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí èrò ọkọ̀ ń sọ. Ilé ni mò ń rò.

Ẹni tí kò bá mọ bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe rí fún mi nígbà náà yóò rò pé orí mi ti dàrú. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá kan ni wọ́n fún mi ní kọ́tásì àwọn nọ́ọ̀sì, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ sun ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ ẹni. Ọkọ mi ní tirẹ̀, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe. Ó ń rán tìmùtìmù, àpò àti bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti rán tirẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá rẹ̀ ti dàgbà, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù sílé. Bí ó bá tẹ̀lé mi lọ gba yàrá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló máa wà pẹ̀lú ìyá? Bí èmi náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó sí Ọ̀yọ́, kín la ó jẹ? Ìgbà SAP ni, ayé ti le, ẹni tó bá ríṣẹ́ ṣe ń di iṣẹ́ rẹ̀ mú gírígírí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ìyàwó ọjọ́ ọ́fù. Bí mo bá ní ọ́fù, n ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́. Bí ọ́fù bá tán, n ó wọ bọ́ọ̀sì padà. Àwọn ìyàwó ilé ọkọ mi kò bá mi jà, wọ́n kò ṣe ìkà sí mi. Bí mo bá ti yọ lójúde ni wọ́n á máa pariwo, "Àlejò wa dé o!" Wọ́n á sì gbé àga fún mi. Bí mo bá fẹ́ gbá ilẹ̀, wọ́n á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi pé kí n sinmi, ọ̀nà jìn. Àga yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ta ní ń gbé àga fún ìyàwó ilé?

Nítorí náà ni ọkọ̀ yẹn kò ṣe kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ilé wa lè máa tẹ̀lé wa. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, a ó gbé e sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ mi á máa rán awọ nínú rẹ̀, á sì máa kó o lọ tà ní Ọjà Igbó. Bí mo bá ní ọ́fù, a ó wa ilé wa lọ bá ìyá ní Ọ̀yọ́. Ọkọ mi mọ mọ́tò wà dáadáa. Ó ti wakọ̀ akẹ́rù rí kí ó tó jókòó ti iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bínú, mo kọjú sógiri. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé ó gba èèyàn méjì?"

A jọ lọ wò ó. Ọkọ mi kì í sáré sí ohunkóhun. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń wọn awọ. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, ó tún ṣí i. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láàárín ìyẹ́ adìẹ, ó pẹ́ kí ó tó jáde. Mẹkáníìkì tí a mú lọ tan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́tí sí i, ó ní ẹ́ńjìnnì kò burú, pé ìlò àìbìkítà ni wọ́n kàn lò ó. Òótọ́ ló sì sọ. Ojú àpá ọ̀bẹ kún orí tábìlì, ìdí ìkòkò ti jó ibì kan dúdú, ẹnìkan ti fi ìṣó kọ orúkọ sára ògiri, ìlẹ̀kùn kò sì ṣí àfi bí èèyàn bá kọ́kọ́ gbá a nípàá. Ohun tí wọ́n bá ń fi háyà, kò sí ẹni tó ń kẹ́ ẹ. Mo wò ó, àánú rẹ̀ ṣe mí. Òun náà ti gba àlejò púpọ̀, kò ní onílé kankan.

Owó tí a ti ń tù jọ láti fi ra ilẹ̀ máa tó o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ni a ó gbàgbé. Ọkọ mi ní òun gbà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí mo ti ń bẹ̀rù.

"Ó ku ìyá mi. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, n ò lè sùn nínú ẹ̀."

Ọjọ́ tí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó ń ṣa ìrẹsì lójúde, àwọn ìyàwó ilé jókòó yí i ká. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ kan á jẹ́ kí ilé pa kẹ́kẹ́. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rò ó tán.

Ó ní, "Ilé ọkọ kì í ní táyà."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò tíì parí.

"Ẹni tó bá jáde là ń sọ pé kò sí nílé. Bí ilé fúnra ẹ̀ bá jáde ńkọ́? Kín lẹ ó ní ká wí fálejò? Gbogbo ilé tí mo mọ̀ láyé mi, àgò ni wọ́n ń ké kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ta ní ń ké àgò sí mọ́tò? 'Wọlé ká lọ' ni wọ́n ń wí níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Nínú agbo ilé yẹn, kò sí ẹni tó ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìké àgò, ì báà jẹ́ ọmọdé tó fẹ́ tọrọ iná. Ẹni tó bá wà nínú ilé ló máa dáhùn pé àgò yà, kí ẹni ìta tó gbé ẹsẹ̀. Ọkọ mi sorí kọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lọ́fun mi.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi wá sílé yìí, èmi ni mò ń ké àgò. N ò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí."

Ẹ̀rín dá. Ìyá gbójú sókè, ó wò mí. Ó wo àga tí wọ́n gbé fún mi, tí n kò jókòó lé. Ó bá ìrẹsì rẹ̀ lọ. Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ìbànújẹ́, mo sì gbà pé mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé oníbúrẹ́dì kan ti wo ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ hú bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù jù nù, kí ó lè máa fi kó búrẹ́dì. Ó ní òun ń bọ̀ wá sanwó lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá ilé epo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́, mo sunkún nítorí sítóòfù tí n kò tíì dáná lé rí. Ọjọ́bọ̀ ni mo ní ọ́fù. Mo mú ìgbálẹ̀ kan dání, n kò mọ ìdí, bóyá kí n kàn dágbére fún un. Mo sọ̀ ní ilé epo náà.

Mo bá ọkọ mi níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró ti í, ó wọ bùbá àti ìró tó fi ń lọ sí Jímọ̀.

"Wọ́n ní kí n mú àwọn wá wò ó," ni ọkọ mi wí. Ó kàn gbé èjìká pé òun náà kò mọ ohun tó wà níkùn ìyá.

Ìyá yí ọkọ̀ náà po. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà. Ó lé adìẹ. Ọkọ mi gbá ìlẹ̀kùn nípàá, ó ṣí i, ìyá sì gun orí àkàsọ̀, ó yọ orí wọlé. Ó rí ibi ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

"Háà! Ṣáláńgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò! Òyìnbó mà ya ọ̀bùn o!"

Ọkọ mi yára sọ pé òun á yọ ọ́, pé ibẹ̀ lòun máa kó awọ sí. Ìyá tún yẹ inú ọkọ̀ náà wò. Lẹ́yìn náà ló béèrè, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, "Bí mo bá wá wẹ ọmọ, ibo ni n ó máa sùn?"

Ọmọ kankan kò tíì sí nígbà náà. Ọkọ mi fa tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó na tìmùtìmù àwọn àga lé e, ó di bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìyá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Kò yìn ín, kò bú u. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sẹ́bàá títì bí ẹni fẹ́ dá ọkọ̀ dúró, ọkọ mi sì tẹ̀lé e. Mo ní ó ti tán nìyẹn.

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n gbá ilẹ̀ lọ. Mo wọ inú ọkọ̀ náà, mo fa kọ́tìnnì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí gbálẹ̀ láti ìdí bẹ́ẹ̀dì wá. Erùpẹ̀ gbogbo ìlú tí àwọn òyìnbó yẹn ti wọn ilẹ̀ wọn ni mò ń kó jọ. Ẹnikẹ́ni kò gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti gbá a dé ẹnu ìlẹ̀kùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn níta.

"Àgò onílé o!"

Mo dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

"Mo ní àgò onílé o! Àbí kò sẹ́ni ńlé yìí ni?"

Ìyá ni. Ó dúró sílẹ̀ níta, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàsọ̀, ó ń dúró kí ẹnì kan dá òun lóhùn. Omijé ti gba ojú mi.

"Àgò yà o, ìyá. Ẹ wọlé."

Ó gun àkàsọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó wọlé, ó kí mi kú ilé. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ọkọ mi tó ń sáré lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé epo, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá àga tí n ó gbé fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti kan gbogbo àga ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó ṣe é gbé. Mo bá fi etí ìró mi nu ọ̀kan, mo ní kí ó jókòó, kí ó sinmi, ọ̀nà jìn.