Orúkọ Tó Sún Sílẹ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wa ní Òkìtìpupa, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò. Ọ́fíìsì náà ló ń pín àwọn olùkọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri, iṣẹ́ tèmi sì ni láti máa tẹ lẹ́tà àti orúkọ wọn. Ètò ìkọ̀wé tó wà nínú rẹ̀ ti mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá fún wíńdò rẹ̀ pọ̀, ìyẹn àpótí tí ọ̀rọ̀ ń hàn nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kàn ń fara pamọ́ ni. Bí mo bá tún fẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á wà níbi tí mo fi í sí.

Lẹ́yìn ọdún kan, oníṣẹ́ kan wá láti Àkúrẹ́, ó yọ ètò ìkọ̀wé àtijọ́ náà, ó fi tuntun sí i.

"Kí ló yí padà nínú rẹ̀?" mo bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Mo ka ìwé pẹlẹbẹ tó fi sílẹ̀ tán pátá. Òun náà ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo fún wíńdò pọ̀, ìlà kan sì ṣẹ́ sí méjì. Mo tún fẹ̀ ẹ́, ìlà náà ò padà. Akẹgbẹ́ mi obìnrin, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, wò ó títí.

"Ẹ̀rù nǹkan tó ń yí padà láìsọ fún èèyàn máa ń bà mí," ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún ìlà náà ṣe, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìwé ìpínsíṣẹ́ dé. Mo tẹ orúkọ olùkọ́ sápá òsì, ilé ẹ̀kọ́ wọn sápá ọ̀tún. Mo fún wíńdò náà pọ̀ kí n lè rí lẹ́tà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ kan tó gùn ṣẹ́ sí ìlà méjì, ó ti gbogbo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ò sì sún. N kò rí i. Ọ̀gá mi buwọ́ lù ú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni mo ṣàdédé rí ìwé tí ọ̀gá kọ́kọ́ fọwọ́ kọ nínú fáìlì. Mo gbé méjèèjì síra. Obìnrin Èkìtì kan tó lóyún oṣù mẹ́jọ, tí ọ̀gá fi sí Òkìtìpupa níbí kó lè wà nítòsí ilé ìwòsàn, ni ìwé tèmi rán lọ sí abúlé ẹ̀yà Ìjọ́ kan láàárín omi. Ó sì ti lọ. Ọkùnrin tó yẹ kó lọ sí abúlé náà wà ní Òde-Ìrèlè, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣìṣe wà nínú ìwé yẹn."

"Ìwé tí mo ti buwọ́ lù? Jẹ́ kí sáà yìí parí ná."

"Yóò ti bímọ kí sáà tó parí, sà."

Ó gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn náà ó kọ lẹ́tà ìdápadà, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n mú un lọ fúnra mi.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi, èmi àti àpò púpurú mẹ́fà, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Omi náà dúdú, kò sì sí ẹyẹ kan tó ń ké. Nígbà tí mo dárúkọ ibi tí mò ń lọ, ọlọ́kọ̀ dín ẹ́ńjìnnì kù.

"Ṣé tíṣà tó bímọ lánàá lẹ fẹ́ lọ kí?"

"Ó ti bímọ?"

Ọlọ́kọ̀ tẹjú mọ́ omi títí a fi gúnlẹ̀.

Ìyá Ìjọ́ kan jókòó ti tíṣà náà lórí ẹní, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sí ọmọ nínú yàrá náà.

"Àbúrò mi, ṣé ìwọ lo tẹ ìwé yẹn?" ni tíṣà náà bi mí.

"Èmi ni, Àǹtí. Orúkọ yín ló sún sílẹ̀, n kò mọ̀ pé..." Mo kúnlẹ̀, mo na lẹ́tà náà sí i. Kò gbà á.

"Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sin ín sí. Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún?"

Kò padà wá. Abúlé yẹn ló ti ń kọ́ni títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dọọdún tí mo bá ti tẹ orúkọ àwọn olùkọ́ tán, mo máa ń fi ìka tọ ìlà tirẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Abúlé náà ló ṣì wà níwájú orúkọ rẹ̀.