Ilé Màmá Yéjídé ní Lọ́ńdọ̀n

Onílé Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ń pe Màmá Yéjídé ládùúgbò wa ní Òkèrèwè, n'Ífẹ̀, ìlara ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ aládùúgbò wọn mọ̀ pé ilé náà ló ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì wọn run. Bí mo bá ní kí wọ́n tà á, wọn á ní kí n dákẹ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìgbà tí wọ́n ń gbé inú ilé yẹn ni wọ́n bí Ìyìnolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn; Yéjídé ni orúkọ àwọn fúnra wọn. Ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni ọkọ wọn sin ibi ọmọ náà sí, bí a ti ń ṣe nílé. Nígbà tí wọ́n padà sí Ifẹ̀, àìsàn mú Ìyìn lọ. A kì í fi sàréè ọmọ han ìyá, Màmá ò sì mọ ibi tó wà títí dòní.

Owó tí wọ́n yá ní báńkì ni wọ́n fi ra ilé ọ̀hún, wọn ò tíì san án tán, ayálégbé ló sì ń gbé ibẹ̀ báyìí. Adéagbo, ọmọ àbúrò wọn tó mọ ìṣirò owó, wá ṣàlàyé lójú mi.

"Màmá, tẹ́lẹ̀, ìjọba ìlú òyìnbó máa ń yọ èlé báńkì kúrò nínú owó ilé kí wọ́n tó gba owó orí. Wọn ò yọ ọ́ mọ́. Gbogbo owó tí ayálégbé bá san ni wọ́n ń kà sí èrè yín, díẹ̀ ni wọ́n fi ń dín owó orí kù nítorí èlé."

"Èrè wo? Báńkì kọ́ ló ń gbà á ni?"

Inú bí mi. Ẹni tó ra iṣu ní Modákẹ́kẹ́ tó wá tà á n'Ífẹ̀, ṣé kò ní yọ owó iṣu kó tó pe ìyókù ní èrè ni? Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Èlé náà tún ti gbówó lórí, owó ìfẹ̀yìntì ò ká a mọ́. Màmá gbà láti tà á.

Wọ́n bẹ Adéagbo kó sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé kó má fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìdáná sí.

Màmá fọwọ́ síwèé náà, wọn ò sunkún. Èmi ni mo ń sunkún.

"Ìyá Fúnlọ́lá," ni wọ́n wí fún mi, "kò sí ilẹ̀ kankan mọ́ tí mo lè nàka sí pé ọmọ mi wà níbẹ̀."