Ẹ́ńjìnnì Tí Òyìnbó Bá Mi Rí

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún lẹ́nu ti fò ó láàárín, wọ́n sì ti sọ mí di onílara. Onílara ni mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlara mi nídìí, ìdí náà sì ju ẹyọ kan lọ.

Àlejò ni mí nílùú Èkó. Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ni mí, lódìkejì ẹnubodè, níhà ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ olówó ní èdè Faransé ní iléèwé kan ní Lekki, yàrá kan lẹ́yìn ilé ìdílé kan ní Abraham Adésànyà, l'Ajah, ni mo sì ń gbé. Páásípọ́ọ̀tù mi kì í ṣe ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, Yorùbá ló ń jáde, kò sì sẹ́ni tó máa gbà pé àlejò ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ọlọ́mọ tuntun.

Iṣẹ́ yíyí irin ni bàbá mi ṣe ní ibùdó rélùweè Sábẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, àwọn ni wọ́n ń fa ọ̀pá gígùn tó ń darí rẹ̀ láti ojú irin kan bọ́ sí òmíràn. Bó bá kọjá tán, wọ́n á kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú ìwé ọmọléèwé kan, ọjọ́ lápá kan, nọ́ńbà lápá kejì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ yẹn. Ó kàn wù wọ́n ni, èmi náà sì kó o lára wọn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: ohun tí ojú rẹ bá rí ni kó o kọ, èyí tí wọ́n bá sọ fún ẹ, ti ẹni tó rí i ni. Rélùweè kò kọjá ní Sábẹ̀ẹ́ mọ́, bàbá mi náà ti lọ. Ìwé yẹn ló kù, àwọn ewé tí wọn kò lò tán nínú rẹ̀ ni mo sì ń kọ ẹ́ńjìnnì Èkó sí.

Kò sí irin láti Lekki títí dé Lakowe, títí kọjá ibẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni mo máa ń wọ̀ kúrò l'Ajah lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin kan lórí ilẹ̀ Èkó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́ nítorí tèmi. Orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn ni mo máa ń dúró sí. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí n kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti rà á rí. Wọ́n á ní kí n wọnú ọkọ̀, ẹni tó sì wà nínú ọkọ̀ kì í rí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó ń fà á lọ. Láti orí afárá yẹn, nínú oòrùn, nínú òjò, mo ti rí gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń ná ojú irin náà, àfi ẹyọ kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí méje. Wọ́n ní ó wà níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Mo fi ìlà kan sílẹ̀ dè é.

Lẹ́yìn náà ni iléèwé wa kéde pé àwọn kò ní kọ́ Faransé mọ́ láti ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Ìyẹn ni pé Sátidé tó kù mí kù ṣeé kà lórí ìka, kí n tó kó ẹrù padà sílé.

Nínú oṣù yẹn kan náà ni òyìnbó dé. Ìṣirò ló wá kọ́, Thomas Estate ni iléèwé fi í sí, nínú ilé tó ní yàrá mẹ́ta fún òun nìkan. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, tèmi ni: mo fi ìwé bàbá mi hàn án. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí ìbátan. Ó ní láti kékeré lòun náà ti ń kọ nọ́ńbà rélùweè nílùú àwọn, òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe é níbí. Mo mú un lọ sórí afárá mi ní Sátidé.

Kò lo ìdajì wákàtí níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sẹ́nu géètì, ó juwọ́ sí sikiọ́rítì, géètì sì ṣí. Kò ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Èmi tẹ̀ lé e, mo kí sikiọ́rítì náà dáadáa, mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú àìsùn, ó sì gbé ọwọ́ lé mi láyà. Mo ní àlejò ni èmi náà, mo mú páásípọ́ọ̀tù jáde. Kò tilẹ̀ wò ó.

"Àlejò láti ibo? Ṣakí?" Ó yí sí ẹnìkejì rẹ̀. "Ẹ wá wo àlejò tó ń kí mi kú àìsùn."

Mo padà sórí afárá. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí i tí wọ́n gbé àga fún òyìnbó, tí wọ́n fún un ní omi tútù, tí wọ́n wọ ẹ̀wù tó ń dán yanran fún un. Nígbà tí ọkọ̀ dé, awakọ̀ fà á gòkè sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Fèrè ẹ́ńjìnnì dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbọ́ fèrè yẹn, mo mọ bí awakọ̀ ṣe ń fọn ọ́. Èyí kì í ṣe ọwọ́ awakọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, gbogbo yàrá olùkọ́ ló yí i ká. Wọ́n ní ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn ilẹ̀ wa. Àwọn kan náà yìí ló ń pè mí ní Bàbá Rélùweè lẹ́yìn, tí àǹtí tó ń kọ́ bàólọ́jì bi mí lójú ara mi pé ṣé ara mi yá, àgbàlagbà tó ń ka ọkọ̀ bí ẹni ka ewúrẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tí mo máa lò kẹ́yìn ni òyìnbó wá bá mi ní kíláàsì. Awakọ̀ ti pè é lórí fóònù: wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì tí mò ń dè, èyí tó parí sí méje, ṣe, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó ní òun á sọ fún wọn pé òun lòun mú mi wá, kí n kàn máa tẹ̀ lé òun. Inú rere ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí n wọlé bí àpò tí òyìnbó fà lọ́wọ́. Mo dúpẹ́, mo ní mo ní ètò tèmi.

Ètò mi nìyí. Afárá mi ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn yìí, mo fẹ́ rí i láti ibi tí òyìnbó ti ń rí tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ẹnu mi ló ń tì mí síta, n kò ní gbé e lọ. Ní Sátidé, mo dé fìlà oòrùn, mo gbé awò dúdú sójú, mo gba ẹnu géètì lọ, Faransé nìkan ni mo sì ń sọ. Sikiọ́rítì mìíràn ló wà níbẹ̀. Ó gbọ́ mi díẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó fi ọwọ́ júwe, ó sì fúnra rẹ̀ gbé àga fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó. Òyìnbó wò mí, ó sì ṣẹ́jú kan sí mi. Omi tútù dé. N kò lè purọ́: ó dùn mọ́ mi. Mo jókòó síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, irin wà lẹ́sẹ̀ mi, ìwé bàbá mi wà lórí itan mi.

Aago mẹ́wàá ń lọ lù. A gbọ́ fèrè lókèèrè. Nígbà yẹn gan-an ni ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ gba iwájú wa kọjá, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

Òyìnbó mi orí sí wọn láti orí àga rẹ̀.

Ní tèmi, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, fìlà ti wà lọ́wọ́ mi, àyà mi ti wà nílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kú làálàá. Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù."

Nígbà tí mo gbé orí sókè, sikiọ́rítì ti dúró tì mí.

"Faransé ti dọ̀bálẹ̀," ló wí, jẹ́jẹ́. Ó di ìgbànú mi mú lẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ dìde. Ẹ ti fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi."

Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó fi mí sílẹ̀, ọmọ tó kí èèyàn ni mí, ta ló ń kí wọn níbẹ̀ láti àárọ̀. Ó ní ọ̀gá òun ń bọ̀. Ó sìn mí gba ẹ̀yìn ògiri títí dé géètì, ẹ̀yìn ògiri yẹn ni mo sì wà nígbà tí méje wọlé. Ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà mi. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀ tó dúró. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ òyìnbó tó ń ké nọ́ńbà náà sókè, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n lè gbọ́ ọ. Mo fi ìka méjèèjì di etí.

Kí n tó dé orí afárá, méje ti lọ. Mọ́tò òyìnbó ló gbé mi padà. A ti kọjá gbogbo Lekki, a ti ń wọ Ajah, kó tó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní àwòrán náà mọ́ kedere, kí n wò ó kí n kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Bàbá mi á mọ̀," ni mo sọ fún un.

Ó bi mí bóyá inú ń bí mi sí òun. Mo ní rárá. Irọ́ ni. Kì í ṣe pé ó rí i ni ó ń dùn mí jù. Obìnrin kan náà ló kí àwa méjèèjì. Òun mi orí, ó sì rí ẹ́ńjìnnì mi. Mo ti bi ara mi léèrè láti ìgbà yẹn bóyá mo lè jókòó sórí àga yẹn kí àgbàlagbà dúró máa kí mi. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá mi, lórí àga, lójú ọ̀sán. Ẹsẹ̀ mi kì í gbà.

Mo ń di ẹrù báyìí, òní ni mò ń lọ sílé. Ìwé náà ló máa wọlé kẹ́yìn, ìlà yẹn ṣì ṣófo nínú rẹ̀. Ní àárọ̀ yìí, Sátidé, òyìnbó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ibùdókọ̀ pé méje tún ti kọjá, àti pé ìyá tó ń gbálẹ̀ bi òun léèrè ọmọkùnrin tó kí àwọn níjọ́sí.

Mo ní kó bá mi kí wọn. Mo sì kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ sí i bó ṣe máa ṣe é: kó kọ́kọ́ dìde lórí àga.