Àkùkọ Ọdún ní Rexdale

Kékeré ṣì ni mí nígbà tí àwọn òbí mi kó wa wá sí Toronto. Bàbá mi ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń gbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan lálẹ́. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sì ń lọ sí ilé ìwé. Ilé alájà gogoro kan ní Rexdale la ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò kọjá níbẹ̀ lónìí, tí ẹ ń rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu àti epo pupa, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán nígbà náà, ìyẹ̀fun pòtétò ni yóò rò, yóò sì fi ìgbàgbọ́ gbé e mì.

Bàbá mi kò ráhùn lórí oúnjẹ. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Àmọ́ ti ọdún Kérésìmesì yàtọ̀. Nílé wọn, bàbá tó bí bàbá mi ló máa ń pa àkùkọ ọdún, àárọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an ló sì máa ń pa á, lẹ́yìn àdúrà, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ẹnu. Wọn kì í pa á sílẹ̀ de ọdún. Bí ọbẹ̀ bá jinná, àgbà ilé ló ni iwe. Orí àti ẹsẹ̀ di tàwọn ọmọdé, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbọ́ kí ọmọ kan bèèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàbá àgbà náà kú. Owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí, bàbá mi kò lè lọ sin ín, bẹ́ẹ̀ òun sì ni àkọ́bí. Ohun tó kù tó lè ṣe fún bàbá rẹ̀ kò ju kó pa àkùkọ ọdún bí wọ́n ṣe ń pa á nílé lọ. Kò là á sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n màmá mi mọ̀, àwa ọmọ náà sì mọ̀.

Láyé ìgbà náà, wọ́n ń ta adìẹ láàyè nínú àgò lẹ́bàá ọ̀nà ní ọjà Kensington. Nígbà tí ọdún ku ọ̀túnla, bàbá mi mú mi dání lọ síbẹ̀. Ó gbé àkùkọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ àyà wọn kó lè rí ẹran tó wà lábẹ́, ẹni tó ń tà á sì ń wò ó bí ẹni ń wo eré. Nínú páálí la gbé èyí tó wù ú sí, a wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, a sì wọ bọ́ọ̀sì. Òtútù ti mú àkùkọ náà, kò lè pariwo. Ó kàn ń họ páálí, ìyá òyìnbó tó jókòó tì wá sì dìde, ó lọ dúró lápá iwájú.

Bí a ṣe délé ni màmá mi ti ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká pa á lónìí, ká gbé e sínú fíríìjì. Ilé onílé la wà o.”

Bàbá mi ní, “Adìẹ inú fíríìjì la ti ń jẹ láti January. Ti ọdún kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ páìpù ní balùwẹ̀, wọ́n da ìrẹsì sílẹ̀ fún un. Àbúrò mi kọ̀ láti wẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní àkùkọ ń wo òun.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àkùkọ kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ kí àkùkọ kọ nínú balùwẹ̀ rí, ẹ ò tíì gbọ́ àkùkọ. Ògiri gba ohùn náà, ihò afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ bá gbogbo àjà tó wà lókè wa. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tí mo sọ ọ́ fún ní, “Grandma, in the bathroom? For real?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, for real.”

Kò pẹ́ tí ọkùnrin tó ń bójú tó ilé náà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní super, fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti funfun, òun nìkan ló sì ń dá gbé nísàlẹ̀. Òun náà ti òkè òkun wá, nítorí ohùn ìlú rẹ̀ ṣì wà nínú gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Bàbá mi ní fún ọdún ni, sà, fún Kérésìmesì ni, sà. Super ní òfin ilé kò gba ẹran ọ̀sìn, àti pé bí òun bá tún gbọ́ ohùn yẹn láàárọ̀ ọ̀la, òun á pe ọ́fíìsì, a ó sì kó jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. A ti wá ilé títí kí a tó rí ìyẹn. Àwọn onílé máa ń sọ lórí fóònù pé yàrá wà; tí wọ́n bá rí ojú wa lẹ́nu ọ̀nà, yàrá á ti tán.

Màmá mi ní, “Bí wọ́n bá lé wa síta nínú yìnyín yìí, ibo la ti fẹ́ se àkùkọ náà?”

Bàbá mi dìde. Ó pọ́n ọ̀bẹ, ó sì wọ balùwẹ̀. Mo gbọ́ tó ní, “Bàbá, ẹ má bínú.” Àbúrò mi rò pé àkùkọ ló ń bẹ̀. Bí wọ́n ṣe pa àkùkọ ọdún sílẹ̀ de ọdún nìyẹn, nílé wa, ọwọ́ àkọ́bí ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, a gbàdúrà, màmá mi se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, ilé ń ta sánsán. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iwe sínú abọ́ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò di tirẹ̀ láyé, ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn. Jìnnìjìnnì bò wá. Super ni. Ó wọ kóòtù, ó mú búrẹ́dì aládùn kan dání. Ó ní òun ò gbọ́ àkùkọ láàárọ̀, ṣé a ti gbé e lọ síbòmíràn? Bàbá mi nawọ́ sí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló ní kó wá bá wa jẹun, nítorí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ, kò sì sí bí a ṣe lè jẹun lójú ẹni tó dúró.

Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò, bíi pé ẹlòmíràn la ń pè. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Màmá mi fi àga tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó jókòó sórí páálí. Ìgbà náà ni bàbá mi fi ṣíbí mú iwe nínú abọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sínú abọ́ àlejò. Màmá mi yíjú sí i.

Bàbá mi ní, “Àgbà ló ni iwe. Ó jù mí lọ.”

Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí wọ́n fún un. Ó jẹ ẹ́ títí, ata mú un, omi ń dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ oúnjẹ náà tán. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìròyìn ikú ti dé, a ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé orí àkùkọ tó wà nínú abọ́ mi, àbúrò mi sì bá mi jẹ ẹ́. Títí a fi kó kúrò ní Rexdale, ọkùnrin náà kò pa ọdún kankan jẹ lọ́dọ̀ wa.

Ayé ti yí. Milton lẹ́bàá Toronto ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin mi. Ilé náà tóbi, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ilé tiwa ni, ẹnikẹ́ni kò lè lé wa. Gígé ni wọ́n ń ra adìẹ. Odidi páàkì ni wọ́n ń ra iwe, kálukú ń jẹ tirẹ̀, èyí tó bá sì kù, wọ́n á dà á nù. Mi ò sọ pé ó burú. Àwa la sáré kí ayé lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Lọ́dún tó kọjá, a jẹ, a yó, ilé pa rọ́rọ́. Mo bu ìrẹsì àti ẹran sínú abọ́ kan, mo ní kí ọmọ mi gbé e lọ fún àwọn ará ilé kejì. Ó ní, “Mummy, a ò mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ní allergy ńkọ́? They'll just throw it away.” Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló sọ, mi ò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo bo abọ́ náà, mo gbé e sínú fíríìjì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èmi ni mo jẹ ẹ́.