Omi Tó Mọ́ Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ọṣẹ kì í hó nínú omi Àlàájà. Ẹ lè fi ọṣẹ pa aṣọ títí apá yóò fi máa ro yín, ìdọ̀tí funfun kan lásán ni yóò máa léfòó lójú omi bíi wàrà tó ti bàjẹ́. Bàbá mi a máa ti ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú dé pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́, á fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀, yíǹkì náà á sì jókòó bá a jẹun. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò kórìíra obìnrin yẹn lásán.

Ìyàwó onílé wa ní Bàrígà ni Àlàájà. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà. Wọ́n ti ṣèlérí omi fún wa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ ìjọba ń pọ̀ jáde, tó ń mí hùù-hùù bí ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Ni Àlàájà bá gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sẹ́yìn ilé, ó fa ẹ̀rọ kan wá síwájú ilé, ó sì ń ta omi fún gbogbo àdúgbò.

Ìwà àgàbàgebè wà lára omi náà, bíi ti ẹni tó ni ín. Bó bá ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó mọ́ gaara, ẹ lè rí ìdí garawa. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù fún ìgbà díẹ̀, á pọ́n bíi tíì. Ìyá mi á da álúmù sí i, á sẹ́ ẹ, síbẹ̀ aṣọ funfun wa ń pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi yìí ń pọ́n."

Àlàájà ṣí ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba omi. "Kí ló pọ́n níbí? Ojú mi ò kúkú fọ́. Lọ fọ dúrọ́ọ̀mù ẹ, ìyá ọmọ yìí. Ọ̀bùn ló máa ń bá omi jà."

Ọ̀bùn. Wọ́n lè pe obìnrin ní tálákà, kó rẹ́rìn-ín. Ẹ má pè é ní ọ̀bùn. Ọ̀rọ̀ náà rìn láti ẹnu ẹ̀rọ dé inú ẹgbẹ́ àsàlátù, níbi tí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa ti ń péjọ ṣàdúrà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ń sún ẹní wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ìyá mi má bá wọn dá sí oúnjẹ sàárà mọ́. Ìyá mi, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń pè tí ọ̀rọ̀ bá dórí ìrẹsì! Ó ń fi iyanrìn àti eérú ha dúrọ́ọ̀mù yẹn lójoojúmọ́, ó ń ha á bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Kò sunkún lójú wa. Èmi ni mo ń sunkún.

Àlàájà wá fún mọ́ṣáláṣí ní ẹ̀rọ omi. Ó fà á láti inú kànga rẹ̀ kan náà, ó ní sàárà òun ni. Ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ ṣí i, ó kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé omi àdúrà wá látilé.

"Ìgò tuntun ni kí oníkálukú mú wá, kó wá pọn omi níbí," ló wí. Ó wo ìyá mi. "Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi dúrọ́ọ̀mù ba omi jẹ́."

A pọn omi. Gbogbo ìgò ń dán. A tò wọ́n síwájú ààfáà, a sì ṣí ìdérí wọn gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, kí àdúrà lè ráyè wọlé. Àlàájà gbé tirẹ̀ wá láti inú ilé, ó gbé e sí àárín.

Àdúrà gùn. Bí a ti ń ṣe é lọ ni ojú àwọn ìgò ń yí padà. Wọ́n kọ́kọ́ rí bí oyin, lẹ́yìn náà wọ́n pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Obìnrin kan figbe ta: "Yé! Àwọn ayé ti wọlé tọ̀ wá o!"

"Ọ̀tá ti wọ àsàlátù!"

Àwọn kan ti ń wo ìyá mi. Ṣùgbọ́n ìgò tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwọn. Ìgò kan ṣoṣo ló ṣì mọ́.

"Àlàájà, tiyín ò mà pọ́n," ni ẹnì kan wí.

"Ọkàn mi ló mọ́," ni Àlàájà dáhùn.

Ìyá mi dìde. "Ẹ̀rọ wo lẹ ti pọn tiyín, mà?"

Àlàájà fa ìgò rẹ̀ mọ́ra. Kò sì sí ẹni tí kò tíì rí tánkà omi tó máa ń wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ti máa ń sọ fún wa pé omi àwọn bíríkìlà ni.

Ààfáà wúkọ́. Ó ní kí a fọkàn balẹ̀, pé omi tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó ń gbé ló yí àwọ̀ rẹ̀ padà ṣì mọ́ fún àlùwàlá. Òótọ́ ni, wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé kéwú.

"Ẹ gbọ́!" ni Àlàájà pariwo. "Omi mi mọ́!"

"Àlùhámúdúlíláì," ni ìyá mi wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀, mà. Ẹ mu tèmi, kí n mú tiyín."

Kò sẹ́ni tó ń kọ omi tí wọ́n ti ṣàdúrà sí, pàápàá lójú ààfáà. Àlàájà gba ìgò pípọ́n náà. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Ẹ mu ún dójú ẹ̀, mà," ni obìnrin kan pè láti ẹ̀yìn. "Ìdí ìgò ni àdúrà máa ń wà!"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín tèmi dáadáa.

Ìyá mi gbé ìgò Àlàájà wálé. Kò mu ún. Ó gbé abọ́ sẹ́bàá ẹ̀rọ tó wà níwájú ilé, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń tò fún omi, ó da omi náà sínú rẹ̀, ó sì ń fọ ìborùn ilé kéwú mi. Ọṣẹ hó. Ó hó títí ó fi bo ọwọ́ rẹ̀, àwọn tó tò sílà kàn ń wò ó.

Wọ́n ní kí n dárí ji Àlàájà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fọ orúkọ ìyá mi mọ́ lójú àwọn tó bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, mo fi í sílẹ̀ fún Un.

Nígbà tí sàárà mìíràn dé, ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé kí ìyá mi wá bá wọn se ìrẹsì. Kò yí ojú kúrò nídìí aṣọ tó ń sá.

"Ẹ bá mi kí wọn," ló wí. "Ẹ ní dúrọ́ọ̀mù mi ò tíì mọ́."