Kílíṣí Tí Mo Jẹ Tán Kí N Tó Dé Ìtòkú

Ní ìjẹta, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi ní Òkè-Ìléwó, mo ń wo àwọn tó ń jáde ní báǹkì, nígbà tí ọmọbìnrin kan gbé bàfù aṣọ àdìrẹ tútù kọjá. Òórùn aró gbá mi nímú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi di imú mú, wọ́n ní, "Bàbá, kí ló ń rùn báyìí?" Mo ti dìde dúró, ara mi ò balẹ̀ mọ́, bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Bí òórùn yẹn ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn láti ìgbà èwe mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ibi tí mo bá ti fi iyọ̀ sí i, ẹ̀yin náà á tọ́ ọ wò lẹ́nu yín.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Aránṣọ ni bàbá mi níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé, wọn ò dágbére fún ìyá wọn. Wọ́n kàn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, bí ẹni ń lọ ra gúgúrú. Ọdún mẹ́tàlá kọjá, ojú ń tì wọ́n, wọn ò lè padà. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, láyé ìgbà tí àwọn ṣójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá, bàbá mi ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Màmá, ìyá wọn, kí n kàwé nílé. Wọ́n wé kílíṣí, ẹran gbígbẹ pẹlẹbẹ tí àwọn Haúsá máa ń fi ata àti ẹ̀pà pa lára, sínú bébà mẹ́ta.

"Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e fún wọn," ni bàbá mi wí. "Bí wọ́n bá jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ti dárí jì mí nìyẹn. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́, bá awakọ̀ padà wá." Nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń bínú síni kì í jẹun ẹni.

"Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?"

"Ìtòkú ni wọ́n wà. Aláró ni wọ́n. Ọwọ́ wọn dúdú títí dé ìgúnpá. O ò lè ṣì wọ́n."

Sùúrù Lérè ni wọ́n kọ síwájú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀, sùúrù awakọ̀ rẹ̀ ò sì kún ṣíbí. Bó bá fun fèrè, ewúrẹ́ á gun igi. Ní Jẹ́bà, ọ̀kan fò sórí máńgòrò, mo sì gbọ́ pé kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dòní. Èmi náà ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo dìde, mo jókòó, mo bọ́ bàtà, mo tún un wọ̀, títí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi bi mí bóyá ìjàlọ ló wà ní ṣòkòtò mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí Màmá bá lé mi ńkọ́? Mo ní kí n tọ́ kílíṣí wò, kí n mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ní Ìlọrin, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Táyà tó bẹ́ mú wa sùn ní Ìbàdàn; nígbà tí a ó fi gbéra láàárọ̀, ata nìkan ló kù nínú bébà.

Àpáta ni mo kọ́kọ́ rí ní Abẹ́òkúta. Mo rò pé erin ló dùbúlẹ̀ káàkiri láàárín àwọn ilé onípáànù pupa, mo sì ń wò ó pé bí ọ̀kan bá dìde, àdúgbò kan ti lọ nìyẹn. Ní gáréèjì Láfẹ́nwá, awakọ̀ gbé àpò mi kalẹ̀. "Gàm̀bàrí kékeré," ló pè mí, "bí wọ́n bá lé ẹ, àárọ̀ ọ̀la ni mò ń padà o. Àyè rẹ ṣì wà lẹ́yìn mi."

Mo bèèrè ọ̀nà títí mo fi dé Ìtòkú. Yéè! Gbogbo obìnrin tí mo rí níbẹ̀ ló lọ́wọ́ dúdú! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni àkọ́kọ́: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọmọ Sùnmọ́nù."

Ó figbe ta. "Ẹ wá wò mí o! Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, mo ti di ìyá àgbà!"

"Bóyá ojú oorun lo ti bí Sùnmọ́nù," ni ẹnìkejì rẹ̀ wí, ẹ̀rín sì ta ní gbogbo ìsọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún èyí, mo dọ̀bálẹ̀ fún tọ̀hún, títí àyà mi fi gbá Ìtòkú mọ́. Wọn ò gbálẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá arúgbó kan wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń ká aṣọ gbígbẹ. Mi ò tilẹ̀ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọwọ́ wọn mọ́. Àwọn ni wọ́n pè mí.

"Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ ò balẹ̀ yìí, ta lò ń wá?"

"Ìyá Sùnmọ́nù, mà."

"Sùnmọ́nù tó dágbére kó tó lọ, àbí èyí tí ò dágbére?"

"Èyí tí ò dágbére, mà."

Wọ́n ká aṣọ kan tán, wọ́n ká òmíràn. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọwọ́ náà dáadáa: awọ ti mọ́, ṣùgbọ́n èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì dúdú bí òjò tó ṣú. Eegun ló ń ro wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti fi ìkòkò aró sílẹ̀. Bàbá mi ò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún wọn?

"Kí ló fi rán ẹ?"

Mo na bébà sí wọn. Wọ́n tú ọ̀kan, wọ́n tú èkejì, wọ́n tú ẹ̀kẹta. Ata.

"Ajá ló gbà á lọ́wọ́ mi ní Ìlọrin, mà."

"Ajá náà tú bébà, ó jẹ ẹran, ó tún wá dì í padà?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ti rí àyè mi lẹ́yìn awakọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Mo fi ẹja rán bàbá rẹ sí ẹ̀gbọ́n mi rí. Ológbò ló gba tiẹ̀." Wọ́n fi ìka kan ra ata tó kù lójú bébà, wọ́n lá a. Omi lé ròrò sójú wọn.

"Ata yìí mú," ni wọ́n wí. "Gbé ẹrù rẹ wọlé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ fèrè Sùúrù Lérè láti Láfẹ́nwá, mi ò sì jáde. Nígbà Iléyá ọdún yẹn, bàbá mi wá, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wọn ju bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ lọ.

Lóde òní, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni àwọn ọmọbìnrin aláró ń wọ̀. O ò lè fi ọwọ́ dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tó ń rìnrìn àjò ń fi fóònù dágbére lẹ́yìn tí wọ́n ti débẹ̀. Àwọn erin yẹn ṣá ò tíì dìde.

Nígbà tí Màmá kú, àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n sọ fún mi pé àwọn fọ èékánná náà títí, kò mọ́. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi náà ti tẹ̀lé wọn báyìí. Wọn ò ní ṣì ìyá wọn.