Alága Inú Kọ̀ǹpútà

Bàbá yìí ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé, òun ni alága ìgbìmọ̀ àga nínú ìjọ, bí ènìyàn mẹ́ta bá sì dúró pẹ́ níbì kan, kí wọ́n tó mọ̀, ó ti di alága wọn. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì omi ẹ̀rọ, tí kò sẹ́ni tó ń dìde fún un láàárọ̀ mọ́, ó gbé àga rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rà fún un.

Fídíò ni ó ń wò tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí kò lára, tí kò ní wáyà, síbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí ojúlówó. Ó dá mẹ́ta. Ó sọ ọ̀kan ní Alága, ó sọ èkejì ní Akọ̀wé, ó sọ ẹ̀kẹta ní Akápò.

"Ìgbìmọ̀ lẹ tún dá sílẹ̀ yẹn, Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ta ló dìbò?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́kì, kí iṣẹ́ tí a bá rán sí i má baà ṣìnà. Àpótí kékeré tó ń ṣẹ́jú ní pálọ̀, tí gbogbo ilé ń gbà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí fún ẹni tó bá wọlé. Àpótí náà kò mọ ènìyàn ńlá. Ó fún Akápò ní mọ́kànlá, ó fún Akọ̀wé ní mẹ́tàdínlógún, ó fún Alága ní ọgbọ̀n.

"Ọgbọ̀n! Kí alága wà lẹ́yìn akápò? Nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́?"

Ó ṣí ibi ètò, ó pa ti àpótí rẹ́, ó tẹ tirẹ̀ sí i: Alága, nọ́ńbà kìíní, Akọ̀wé, ìkejì, Akápò, ìkẹta. Kò bèèrè bóyá ẹnìkan ti ń gbé ní kìíní. Ta ni ì bá máa gbé ibẹ̀ bí kò ṣe òun?

Àpótí pálọ̀ ló ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé. Àgbò méjì kì í sì í mumi nínú koto kan. Gbogbo fóònù inú ilé kò mọ ẹni tó jẹ́ ẹnu-ọ̀nà mọ́. Lórí ti ìyàwó rẹ̀, níbi tó ti ń wo ìsìn àdúrà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, aṣíwájú àdúrà la ẹnu níbi "Sátánì", kò rí i pa dé.

"Bàbá mi, nẹ́tíwọ́kì ti lọ!" Àbíkẹ́yìn wọn ló figbe ta ní pálọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ máa bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú gbogbo ibi tó ti kọ̀wé sí láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé, àwọn yìí nìkan ló dá a lóhùn.

"Àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́kì ni," ni Alága wí. "Ọ̀lẹ ni wọ́n. Mò ń lọ bá wọn."

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó wọ bàtà, ó jáde. Kò tíì dé ìkóríta tí aṣíwájú àdúrà fi pa ẹnu dé. Nígbà tó padà dé, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé ẹ rí i? Mo bá wọn wí dáadáa." Ó jókòó, ó tan kọ̀ǹpútà, ó jí ìgbìmọ̀ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́kì tún kú.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "bí ẹ bá jáde, á wọlé, bí ẹ bá wọlé, á jáde. Ṣé orogún ni ẹ̀yin àti nẹ́tíwọ́kì ni? Ẹ ò kúkú ní ìpàdé kankan lónìí?"

"Mọ́mì, ó ti ń tó àkókò o," ni ọmọ wí. Ó ti wọ aṣọ tó dáa, ó ti jókòó síwájú fóònù, omi sì ti ń lé ròrò lójú rẹ̀.

Alága gbé àpótí náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, kó lè rí nọ́ńbà tẹlifóònù tí yóò fi bú ilé-iṣẹ́ náà. Àdírẹ́sì àpótí fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tó ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́kì, ló rí, tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Kìíní ló parí sí.

Òógùn bò ó. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ronú pé kí òun fún Alága ní ìkejì, ṣùgbọ́n igbákejì alága kọ́ ni ìyá rẹ̀ bí. Níkẹyìn ó pa gbogbo ètò tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ rẹ́, ó ní kí àpótí fún un ní èyí tó bá wù ú.

Ọgbọ̀n náà ló tún fún un.

"Ẹ káàsán, sà," ni ohùn ọmọ náà wí ní pálọ̀. Alága lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn, kò kúrò níbẹ̀ títí tó fi gbọ́ ẹ̀rín, tó tún gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń fò sókè sódò.

"Wọ́n gbà mí! Wọ́n gbà mí! Bàbá mi, kí lẹ ṣe sí nẹ́tíwọ́kì yẹn?"

"Mo pàṣẹ fún un ni," ni Alága wí.

Ìyàwó rẹ̀ kò dá sí i. Àpótí tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé ní ìdojúdé ló ń wò. Ó yí i padà, ó ka ìdí rẹ̀, ó rántí igbe "ọgbọ̀n" tó gbọ́ láàárọ̀, ó sì rọra gbé e sáyè rẹ̀. Nígbà àdúrà ìrọ̀lẹ́, ó gbóhùn sókè:

"Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ tí O fún ọmọ wa níṣẹ́. Ran gbogbo wa lọ́wọ́ nínú ilé yìí, kí olúkúlùkù mọ nọ́ńbà tirẹ̀."

Alága ló máa ń kọ́kọ́ ṣe àmín nínú ilé náà. Lọ́jọ́ yẹn, tirẹ̀ ló kẹ́yìn.